Ìpele Tó Wà Nísàlẹ̀: Bí Òjò Dídì Ṣe Ń Ya Lulẹ̀ Lórí Òkè

Ìlú Lewes kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan. Kò sí òkè gíga kankan níbẹ̀, àfi òkè ẹfun kan tó dúró ṣánṣán lẹ́yìn ìlú. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1836, òjò dídì tí ìjì ti kó jọ sí etí òkè náà já, ó ya lu àwọn ilé kéékèèké tó wà nísàlẹ̀, ó sì bo ènìyàn 15 mọ́lẹ̀. Wọ́n rí 7 yọ láàyè. Àwọn 8 yòókù kú. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí irú rẹ̀ mìíràn tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ òjò dídì tó ń ya lulẹ̀ kò kàn wá, pé ti àwọn òyìnbó tó ń gun Himalaya ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa ti wà káàkiri: ní Denver, ní Salt Lake City, ní Glasgow, ní Aberdeen. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń kàwé níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń pè wọ́n lọ sórí òkè lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Òṣogbo mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo òkè funfun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láti gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú ni pé òjò dídì tí ojú rí kọ́ ló ń pani jù. Ìpele kan tó ti wà nísàlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù sẹ́yìn ni, ẹni tó ń kọjá lórí rẹ̀ ló sì sábà máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tú u sílẹ̀.

Oríṣi méjì

Òjò dídì, tí àwọn ará wa lókè òkun ń pè ní sínóò, máa ń gbára jọ lórí òkè láti ìgbà tí òtútù bá ti wọlé títí di ìgbà tí oòrùn bá padà lágbára. Bí apá kan nínú rẹ̀ bá já kúrò lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tó sì ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, òun là ń pè ní ìyalulẹ̀ òjò dídì. Oríṣi kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo, níbi tí òjò dídì ti rọ̀ tí kò dì mọ́ra. Hóró díẹ̀ á yẹ̀, á ti àwọn mìíràn, á sì máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè taari ènìyàn sínú kòtò, ó sì lè gbé e kọjá etí àpáta, àmọ́ òun kọ́ ló ń gba ẹ̀mí jù.

Èyí tó ń gba ẹ̀mí jù ni ìyalulẹ̀ onípátákó. Nínú tirẹ̀, àwọn ìpele òkè ti so mọ́ra, wọ́n ti gan, wọ́n sì lè fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Lábẹ́ wọn ni ìpele tín-ínrín kan wà tí hóró rẹ̀ kò di ara wọn mú. Ẹ fojú inú wo pátákó fífẹ̀ kan tí a tẹ́ sórí ẹ̀wà gbígbẹ, tí a wá gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè: bí ẹ̀wà bá ti yí, kò sí ohun tó lè dá pátákó náà dúró mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan ṣe máa ń là kọjá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójijì, tí gbogbo ilẹ̀ funfun náà á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó lè máa sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í sábà rí i kó máa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àárín rẹ̀ ló máa ń wà, tí ilẹ̀ tó dúró lé á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ló ní ìpele tirẹ̀

Bí ẹ bá mú ṣọ́bìrì, tí ẹ gbẹ́ kòtò sínú òjò dídì títí kan ilẹ̀, tí ẹ sì wo ògiri kòtò náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ìpele lórí ìpele ni. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìkúùkù tì í. Bí ìkúùkù bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ìpele yẹn rọ̀ jù lọ nìyẹn. Bí kò bá wọlé, wọ́n á gbìyànjú ìka mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìka kan, lẹ́yìn náà pẹ́ńsù, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ. Ibi tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ ni ibi tí ọ̀bẹ tàbí pẹ́ńsù nìkan ló lè wọ òkè, tí ìkúùkù sì wọlé lábẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ohun líle ti jókòó lé ohun rírọ̀ nìyẹn.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ orí. Èyí ni ìjì oṣù Kọkànlá. Èyí ni ọ̀sẹ̀ tí oòrùn yọ́ ojú rẹ̀ tí òru sì mú un dì padà. Èyí ni alẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́ mọ́jú. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ti wà níbẹ̀, á sì wà níbẹ̀ títí òjò dídì yóò fi yọ́ tán.

Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìṣòro náà hàn kedere níbẹ̀. Àwọn òkè tó ga ju 4,000 mítà lọ pọ̀ níbẹ̀, òkun jìnnà sí i, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, òtútù rẹ̀ sì mú. Òjò dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń rọ̀ ní oṣù Kẹwàá, kì í sì í pọ̀. Ó lè má kọjá orúnkún. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run á mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, òru á sì tutù kọjá àlà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn kò hàn sójú rárá. Ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ṣì ní ooru díẹ̀ nínú, nítorí náà ìdí òjò dídì náà kì í tutù ju odo lọ púpọ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojú rẹ̀ tó kọ sí ọ̀run lè tutù dé ogún dígírì lábẹ́ odo. Nígbà tí òjò dídì náà kò sì nípọn, ìyàtọ̀ ńlá yìí há sáàárín àyè kékeré. Omi tó ti di oru á máa kúrò lára hóró ìsàlẹ̀, á gòkè, á sì dì mọ́ hóró tó wà lókè rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá ti ju nǹkan bíi dígírì kan lọ nínú sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan, àwọn hóró tó ti ń so mọ́ra á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n á tóbi sí i, wọ́n á ní igun, wọ́n á sì jáwọ́ lára ara wọn. Bí ẹ bá bù wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ṣe ni wọ́n ń dà láàárín ìka. Ṣúgà ni àwọn ará Colorado ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu.

Ìjì oṣù Kejìlá á wá rọ̀ lé ṣúgà yìí. Ìjì oṣù Kìn-ín-ní á tún rọ̀ lé ìyẹn. Lójú ẹni tó bá débẹ̀ ní oṣù Kejì, òkè náà funfun, ó tẹ́jú, ó dúró digbí. Kò sí àmì kankan lójú rẹ̀ pé orí hóró tí kò di ara wọn mú ni gbogbo ẹrù yẹn wà. Ìpele ṣúgà kì í tètè sàn. Ó lè wà nísàlẹ̀ títí di oṣù Kẹrin, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé pé òjò dídì kankan rọ̀ ní oṣù Kẹwàá.

Ní àwọn òkè tó sún mọ́ òkun, irú àwọn tó wà ní ìpínlẹ̀ Washington, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òjò dídì ibẹ̀ pọ̀, kò tutù tó bẹ́ẹ̀, hóró rẹ̀ sì tètè ń so mọ́ra; ìjì fúnra rẹ̀ ni ewu ibẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1910, lẹ́yìn ìjì tó rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ìyalulẹ̀ kan gbá ọkọ̀ ojú irin méjì tó há sí Wellington ní ìpínlẹ̀ náà dà sínú àfonífojì. Ènìyàn 96 ló kú.

Ìpele aláìlágbára mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ. Ní òru tí kò sí ìkùukùu, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, ìrì dídì máa ń hù sójú òjò dídì. Ó ń rí pẹlẹbẹ, ó ní etí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí oòrùn bá sì là, gbogbo òkè á máa kọ mànà. Ẹni tó rí i yóò fẹ́ ya fọ́tò. Bí òjò dídì mìíràn bá wá rọ̀ jẹ́jẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí oòrùn tàbí atẹ́gùn tó bà á jẹ́, ó ti di ìpele tí nínípọn rẹ̀ lè má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò, ìlà eérú kékeré kan ni yóò jọ lára ògiri rẹ̀. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n á fò ó kọjá.

Atẹ́gùn náà kò gbẹ́yìn. Ó máa ń gbá òjò dídì kúrò ní apá tó ń fẹ́ sí, á sì dà á sí ẹ̀yìn òkè. Ó lè kó òjò dídì jọ síbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí oòrùn máa ràn, kí òjò dídì kankan má rọ̀ látàárọ̀, síbẹ̀ kí ẹrù ńlá máa pọ̀ sí i lórí ẹ̀yìn òkè kan. Atẹ́gùn yìí kan náà ló ń mọ ètè funfun tó ń yọ síta létí òkè, irú èyí tó já ní Lewes. Ẹni tó bá rìn dé etí rẹ̀ lè rò pé ilẹ̀ ló wà lábẹ́ òun, kó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ta ló ń tú u sílẹ̀?

Fíìmù ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà lórí èyí. Ẹnì kan á pariwo, òkè á sì wó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tó wà nínú ohùn ènìyàn kéré lọ́nà púpọ̀púpọ̀ sí èyí tó lè já ìpele òjò dídì. Àwọn onímọ̀ ní Davos, ní Swítsálandì, ti wádìí èyí, wọn kò sì rí ẹ̀rí kankan tó gbè é lẹ́yìn. Bọ́ǹbù tí wọ́n bá jù sórí òjò dídì lè já a lóòótọ́, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà àti pápá síkí, níbi tí wọ́n ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òjò dídì, sì ń lò ó láti tú ewu náà sílẹ̀ nígbà tí kò sí ènìyàn nísàlẹ̀. Àmọ́ ariwo ẹnu kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìgbàgbọ́ náà ní ewu tirẹ̀: ẹni tó gbà pé ariwo ló ń fà á lè dákẹ́ ní àkókò tó yẹ kó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹrù tó bá gun orí ìpele náà ló ń tú u sílẹ̀. Ó lè jẹ́ òjò dídì tuntun, ó lè jẹ́ èyí tí atẹ́gùn kó wá, ó lè jẹ́ omi òjò, ó sì lè jẹ́ ènìyàn. Nínú àwọn ìyalulẹ̀ tó ń pa àwọn tó ń rin orí òkè ní tiwọn, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ẹni tó kú tàbí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ ló tú u sílẹ̀. Ìwọ̀n ara ẹnì kan lórí síkí tó. Alùpùpù orí òjò dídì sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò di dandan kí ẹni náà wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an. Bí ìpele ìsàlẹ̀ bá wó lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìwó náà lè sáré gba abẹ́ ilẹ̀ funfun lọ sókè, kó sì já ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìró rẹ̀ máa ń dún hùm̀ùm̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀ á sì rì díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ìpele náà ti sọ fún yín pé òun kò lágbára, ẹ padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sheep Creek, nítòsí Loveland Pass ní Colorado, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ló fi èyí hàn jù lọ. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n mọ òkè, wọ́n mọ ìkìlọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí àríwá léwu. Wọ́n ní ṣọ́bìrì àti rédíò aṣàwárí, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí òjò dídì bá bò mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n pinnu ni láti gba ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kọjá kí wọ́n lè dé ibi tí igi wà, tí wọ́n kà sí ibi ààbò. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìpele aláìlágbára tó wà nítòsí ilẹ̀ wó, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè orí wọn sì já. Ó kó gbogbo wọn. Márùn-ún kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè, òun náà sì há sínú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí àwọn olùgbàlà tó rí i, nítorí pé kò sẹ́ni tó kù lóde tí yóò wá a.

Oṣù Kẹrin ni. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ́ ni wọ́n wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ewu tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an ló pa wọ́n, kì í ṣe èyí tó bá wọn lójijì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sì gbà wọ́n, torí pé ìyalulẹ̀ náà fẹ̀ ju gbogbo ìlà wọn lọ. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ la irú ibẹ̀ kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó wọ inú rẹ̀, kí àwọn yòókù dúró síbi tí kò lè dé, kí wọ́n máa wò ó títí yóò fi jáde sí òdìkejì. Èyí gba àkókò, ó sì ń mú òtútù wọ ara àwọn tó dúró. Mi ò rí ohun mìíràn tó dára jù ú lọ, àfi kí wọ́n má gba ibẹ̀ rárá.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tó gbajúmọ̀ ni pé ibi tí ẹlòmíràn bá ti kọjá ti di ibi ààbò. Ìpele aláìlágbára kì í dọ́gba káàkiri. Ẹni márùn-ún lè kọjá níbi tí òjò dídì ti nípọn, kí ẹni kẹfà yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta kan, níbi tí kò ti nípọn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ohun tí ti àwọn yòókù kò kàn. Ipa ẹsẹ̀ ń sọ fún wa pé ènìyàn kọjá. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń wo òkè

Ohun tó dára nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òjò dídì lè ṣòro láti mọ̀, àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣeé wọ̀n. Ìyalulẹ̀ onípátákó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín 30 sí 45 dígírì, èyí tó sì pọ̀ jù ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká 38. Lábẹ́ 30, òjò dídì kì í sábà já. Lókè 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í pẹ́ níbẹ̀ tó fi máa kóra jọ. Bó ṣe ń rọ̀ ló ń dà sílẹ̀. Àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dùn-ún fi síkí sọ̀ jù lọ ló bọ́ sáàárín yẹn gan-an. Ojú nìkan kò tó láti fi wọ̀n ọ́n. Fóònù tàbí ohun ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kọ́ńpáàsì ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì rántí pé ilẹ̀ tí kò dagun tó 30 lè wà lábẹ́ èyí tó dagun jù ú lọ. Sheep Creek fi ìyẹn hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí yóò gbé ènìyàn lọ bó bá já. Ìyalulẹ̀ kékeré tí kò lè bo ènìyàn dé orúnkún lórí pápá gbalasa lè pa á bó bá gbá a sórí àpáta, sára igi, tàbí sínú kòtò tóóró tí òjò dídì á ti kún lé e lórí. Igi gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò boni: bí àyè bá wà láàárín igi tó láti fi síkí kọjá, àyè wà fún ìyalulẹ̀ náà.

Àwọn àmì tí òkè fúnra rẹ̀ ń fúnni kò pọ̀, àmọ́ wọn kì í purọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí òjò dídì ti ya láìpẹ́, irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, tó kọjú síbi kan náà, kò yẹ ní gbígbà lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá là láti iwájú síkí yín lọ, tàbí tí ẹ bá gbọ́ hùm̀ùm̀ tí mo sọ, ẹ má ṣe wá ẹ̀rí mìíràn. Bí 30 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, tí atẹ́gùn líle fẹ́, tí omi òjò rọ̀ sórí rẹ̀, tàbí tí ooru dé lójijì, ẹrù orí ìpele náà ti yí padà kíákíá. Ìjì tó dá kò túmọ̀ sí pé ewu ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ kìíní tí oòrùn là lẹ́yìn ìjì wà lára àwọn ọjọ́ tó burú jù, nítorí pé ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń tú jáde.

Ìkìlọ̀ òòjọ́

Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti dá ṣe gbogbo ìwádìí yìí. Ní Colorado, ilé iṣẹ́ Colorado Avalanche Information Center ń gbé ìkìlọ̀ jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù. Ní Skọ́tílandì, Scottish Avalanche Information Service ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbègbè mẹ́fà, Glencoe àti Lochaber pẹ̀lú Cairngorms ti àríwá àti ti gúúsù wà nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á sọ irú ìpele tó wà nísàlẹ̀, gíga tó wà, àti apá ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó léwu kọjú sí.

Ìwọ̀n ewu márùn-ún ni wọ́n ń lò. Láti ọdún 1993 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ní márùn-ún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwọ̀n kẹta. Wọ́n á wò ó pé mẹ́ta wà láàárín márùn-ún, pé ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ewu náà kì í fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sókè. Ṣe ló ń di ìlọ́po. Ní ìwọ̀n kẹta, ènìyàn kan ṣoṣo lè tú ìyalulẹ̀ sílẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. Ní Swítsálandì, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kú ló ń kú ní ọjọ́ tí ìwọ̀n kẹta wà níta. Nígbà tó bá di kẹrin, òkè fúnra rẹ̀ á máa dún, á máa já káàkiri, ọ̀pọ̀ á sì jókòó sílé. Ní kẹta, oòrùn lè máa ràn, kí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ ọmọ kan, mo lè má kọ́ ọ ní ohun mìíràn lọ́jọ́ kìíní ju kó mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí.

Ìwọ̀n karùn-ún jẹ́ ti ìgbà tí ìyalulẹ̀ bá lè dé inú ìlú. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí ìjì ń tẹ̀lé ìjì, òkè kan já lókè abúlé Galtür ní Ọ́sítríà, ní ọjọ́ 23, ó sì wọ ibi tí àwọn ènìyàn ti kà sí ibi tí kò lè dé. Ènìyàn 31 kú. Lọ́jọ́ kejì, 7 mìíràn kú ní Valzur, tí kò jìnnà síbẹ̀.

Bó bá ti ya

Bí òjò dídì bá ń ya, ó dà bí ohun tó ń ṣàn. Bó bá ti dúró, ó máa ń gan ní kíákíá. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà lè gbé ìka. Kò lè gbẹ́ ara rẹ̀ jáde, bó ti wù kó lágbára tó. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ nítorí èémí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ooru èémí náà á sì sọ òjò dídì tó yí ẹnu rẹ̀ ká di yìnyín tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ló ń pa àwọn tó pọ̀ jù. Ìfarapa ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ìwádìí kan láti Swítsálandì, tó jáde ní ọdún 2024, fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n rí yọ láàárín ìṣẹ́jú 10, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló yè. Tó bá ti di ìṣẹ́jú 30, ó ti já sí bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn olùgbàlà kì í sábà dé kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Àwọn tí ẹ jọ lọ ni olùgbàlà yín.

Ìdí nìyí tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní nǹkan mẹ́ta lára: rédíò aṣàwárí, ọ̀pá ìgúnlẹ̀ tó ṣeé ká, àti ṣọ́bìrì. Rédíò náà máa ń fọhùn lórí ìgbì 457 kHz, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, nítorí náà ti ẹnì kan lè gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àyà ni wọ́n ń so ó mọ́, lábẹ́ ẹ̀wù. Wọn kì í fi sínú báàgì tí ìyalulẹ̀ lè fà já. Àwọn kan tún ń gbé báàgì tí àpò afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tó ń wú bí ènìyàn bá fa okùn rẹ̀, tó sì ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti dúró sókè. Ó wúlò. Àmọ́ kò lè gba ẹni tí wọ́n gbá mọ́ igi, mo sì ti rí i pé owó rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn mìíràn rò pé àwọn ti ra ẹ̀mí. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ni kó kọ́kọ́ rà.

Bí ìyalulẹ̀ bá gbé yín, ẹ pariwo kí wọ́n lè rí yín, ẹ sá sí ẹ̀gbẹ́ bó bá ṣeé ṣe, ẹ sì gbé ọwọ́ bo iwájú ẹnu àti imú kó tó dúró, kí àyè díẹ̀ lè wà fún èémí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lóde, ẹ má ṣe yọ ojú kúrò lára ẹni náà títí dé ibi tí ẹ ti rí i gbẹ̀yìn; ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òkè ṣì lè já lé yín lórí. Kí gbogbo yín yí rédíò sí ìwákiri, kí ẹnì kan pe àwọn olùgbàlà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, kí àwọn yòókù má dúró dè é. Ẹ wo ojú ilẹ̀ fún ìbọ̀wọ́, síkí, tàbí ọwọ́ tó yọ. Bí nọ́ńbà tí rédíò ń fi hàn ṣe ń kéré sí i ni ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn. Níbi tó bá ti kéré jù, ẹ fi ọ̀pá gún ilẹ̀ yíká, bó bá sì kan ènìyàn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Gbígbẹ́ ló ń gba àkókò jù, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í fi dánra wò. Ẹ má ṣe gbẹ́ láti òkè orí rẹ̀, torí ẹ ó tẹ àyè èémí rẹ̀ pa. Ẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ gbẹ́ wọlé lọ bá a, kí ẹnì kan máa gé òjò dídì níwájú, kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa wọ́ ọ kúrò, kí ẹ sì máa gba ipò ara yín lóòrèkóòrè kó má bàa rẹ ẹnì kan jù. Bí ẹ bá kan ara rẹ̀, orí ni kí ẹ wá. Ẹ kó òjò dídì kúrò lẹ́nu àti imú rẹ̀, kí ẹ tú àyà rẹ̀ sílẹ̀ kó lè wú. Apá àti ẹsẹ̀ lè dúró. Bí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ sì máa tẹ àyà rẹ̀. Bí ara ẹni tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ bá ti tutù gbá, tí ẹnu rẹ̀ kò sì dí, àwọn dókítà kì í yára sọ pé ó ti kú kí wọ́n tó mú ara rẹ̀ gbóná ní ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ máa gba ara yín níṣẹ́, kí ẹ máa tẹ àyà náà lọ títí àwọn olùgbàlà yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín.